Tiki tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn kì í ṣe àṣà ìbílẹ̀ Hawaii, California ni wọ́n ti dá a sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Bọ̀dá kan nínú gúrúùpù WhatsApp ọmọ ìlú wa ló tún ju fídíò síbẹ̀, àwọn òyìnbó nínú ṣáàtì olódòdó, ère onígi gìrìwò lẹ́yìn wọn, kọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣe bí orí ère lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń jó, wọ́n ń mu. Irú fàájì yẹn ni wọ́n ń pè ní tiki. Fóìsì nóòtù gígùn ló wá tẹ̀ lé e, pé ẹ wo àwọn ará Hawaii, ẹ wo bí wọ́n ṣe di àṣà baba ńlá wọn mú, wọn ò fi ère wọn sílẹ̀, wọn ò fi ọtí ìbílẹ̀ wọn sílẹ̀, àwa Yorùbá la gbé tiwa sọnù. Mi ò tíì gbọ́ ọ dé ìdajì táwọn èèyàn ti ń kọ "òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ sà" lọ́tùn-ún lósì.

Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fídíò yẹn ò dé Hawaii. Florida níbi tí mò ń gbé yìí ni, ó tiẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti yà á, ọdún àwọn olólùfẹ́ tiki tí wọ́n ń pè ní The Hukilau ni, ilé tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn wọn yẹn sì ni Mai-Kai, ilé oúnjẹ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fort Lauderdale, mo ti jókòó níbẹ̀ dáadáa. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń sọ ọ́. Bátẹ́ńdà ni mí, àwọn òyìnbó tí mò ń po ọtí fún níbi iṣẹ́ náà á gbé Mai Tai sẹ́nu, wọ́n á ní ọtí tí àwọn ọba Hawaii ń mu láyé àtijọ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Irọ́ tó ti pẹ́ tó sì dùn-ún gbọ́ ni.

Tiki tí wọ́n ń ṣọdún ẹ̀ yìí, ilé ọtí olóparun, kọ́ọ̀bù olórí ère, ọtí ìrèké tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀mù, tí wọ́n po pọ̀ mọ́ oje èso tí wọ́n wá fi òdòdó lé lórí, Hollywood ló ti bẹ̀rẹ̀. December 1933 ni Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó ka ọtí léèwọ̀, kò sì pẹ́ sígbà yẹn tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest Raymond Beaumont Gantt ṣí ilé ọtí kótópó kan níbẹ̀. Ó ti rìn kiri Káríbíànì àti òkun Pàsífíìkì, ó wá kó àwọ̀n apẹja, oparun, àti oríṣiríṣi nǹkan tí omi òkun gbá wá sétí òkun, ó fi ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ibẹ̀ ló wá di Don the Beachcomber, nígbà tó yá ó yí orúkọ ara ẹ̀ gan-an padà sí Donn Beach. Rọ́ọ̀mù pọ̀ nílùú lásìkò yẹn, ó sì pọ́ọ́kú, òun ló fi ń ṣe gbogbo ọtí ẹ̀. Victor Bergeron ní Oakland, California náà wá rí i pé ọjà yìí ń tà, ó pa orúkọ tí ilé oúnjẹ tiẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó sọ ọ́ di Trader Vic's. Àwọn méjèèjì yìí ni baba ńlá tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri. Òyìnbó Amẹ́ríkà, oníṣòwò, ọdún 1930 sókè.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọtí ọ̀hún fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà, ibẹ̀ gan-an lèmi sì ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ wo Zombie, èyí tí Donn gbé jáde ní 1934. Rọ́ọ̀mù Jàmáíkà kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà rọ́ọ̀mù Puerto Rico, lẹ́yìn náà rọ́ọ̀mù Demerara láti Guyana, èyí tó le débi pé tẹ́ ẹ bá ṣáná sí i á gbiná. Oje ọsàn wẹ́wẹ́. Falernum, omi ṣúgà tí wọ́n fi kànáfùrù, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe, Barbados ló ti wá. Angostura díẹ̀, ìyẹn ọtí kíkorò tí wọ́n máa ń kán sínú ọtí mìíràn, Trinidad ni wọ́n ti ń ṣe é. Oje grapefruit tí wọ́n pò mọ́ omi ṣúgà onísínámọ́nì. Wọ́n á wá da yìnyín wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀. Ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Donn fi ṣòfin pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ mu ju méjì lọ. Ó yá, ẹ fi ọwọ́ kan èyí tó jẹ́ ti Hawaii níbẹ̀ fún mi. Kò sí o! Káríbíànì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ará Hawaii àtijọ́ ní ìrèké lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í sè é di ọtí líle. Ohun tí wọ́n ń mu níbi ètùtù àti láàfin ni ʻawa, gbòǹgbò igi tí wọ́n gún, tí wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n sẹ́, kò sí ọtí nínú ẹ̀ rárá. Yìnyín ńkọ́? Ta ló ń ta yìnyín létí òkun Waikiki nígbà ayé ọba Kamehameha?

Ohun tó tún ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀mù yìí ni pé àwa gan-an ló yẹ ká mọ ibi tó ti wá. Oko ìrèké Káríbíànì ni, àwọn èèyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló gé ìrèké yẹn tí wọ́n sì sè é, àwọn ará ilé wa wà nínú wọn, ní Kúbà ní sẹ́ńtúrì 19 wọ́n pọ̀ débi pé orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n, Lucumí. Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ rí òógùn baba ńlá nínú kọ́ọ̀bù tiki, òógùn àwọn yẹn ló wà níbẹ̀. Kúbà yìí kan náà ni Victor Bergeron lọ, ó lọ jókòó ti àwọn tó mọ rọ́ọ̀mù pò ní Havana, ó kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn kó tó padà sí Oakland.

Mai Tai wá ńkọ́, èyí tí wọ́n ní àwọn ọba ń mu? 1944, Oakland. Victor mú rọ́ọ̀mù Jàmáíkà ọlọ́dún 17, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó da curaçao, ìyẹn ọtí dídùn ọlọ́sàn, àti omi ṣúgà álímọ́ńdì sí i, ó tán. 1953 ni òun fúnra ẹ̀ tó gbé e lọ sí Hawaii, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Matson ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣètò ọtí fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wọn, Royal Hawaiian wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé Hawaii ni wọ́n kó o lọ, wọn ò kó o wá láti Hawaii. Ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n ń dà sí i lónìí, ẹ̀yìn ìgbà tó débẹ̀ ni wọ́n fi kún un. Mo gbà pé àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Donn sọ pé Victor jí i látinú ọtí ọ̀gá wọn kan tó ń jẹ́ Q.B. Cooler, ìjà yẹn ò parí títí dòní, èmi ò sì lè bá wọn parí ẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, California ni kò kúrò.

Ère ńkọ́? Àwọn èèyàn rò pé àwọn babaláwo erékùṣù ló gbẹ́ ẹ. Láti 1956 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Oceanic Arts ti ń gbẹ́ ère fún àwọn ilé oúnjẹ ní Whittier, California, títí di 2021 tí wọ́n tilẹ̀kùn, LeRoy Schmaltz àti Bob Van Oosting ló ni ín. Kọ́ọ̀bù olórí ère, àwọn tó jẹ́ ti àtijọ́ tí àwọn olólùfẹ́ ń fi owó gidi rà, ẹ yí ìdí ẹ̀ sókè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí "Japan" tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe da gbogbo ẹ̀ pọ̀: ère olórí gbọọrọ yẹn ti Rapa Nui, erékùṣù tí wọ́n tún ń pè ní Easter Island, ni, ó ju 7,000 kìlómítà lọ sí Hawaii, ìbòjú ara ògiri ti Papua New Guinea ni, ère tó yọ ahọ́n síta ti àwọn Māori ní New Zealand ni. Ká ní ẹnì kan tí kò dé Ọ̀yọ́ rí lọ ṣí ilé ọtí Ṣàngó sí Tokyo, tó fi orí idẹ Ifẹ̀, apata Zulu àti aṣọ Kente sórí ògiri kan ṣoṣo, tó wá ń ta vodka, ṣé a máa ní àwọn ará Tokyo ń bá wa tọ́jú àṣà ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọn ò fi ère wọn sílẹ̀, ẹ lọ wo 1819. Ọdún yẹn ni Liholiho, ìyẹn Kamehameha Kejì, jókòó bá àwọn obìnrin jẹun ní gbangba, èyí tó jẹ́ èèwọ̀ ńlá, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n wó àwọn ojúbọ, kí wọ́n sun ère. Àwọn míṣọ́nnárì ò tíì dé nígbà yẹn o, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dé. Nínú àwọn ère ńláńlá Kū, òrìṣà ogun wọn, tó wà nínú ojúbọ, mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù láyé: ọ̀kan wà ní Bishop Museum ní Honolulu, ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan wà ní Salem ní Massachusetts. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ìyẹn kí Donn tó so oparun àkọ́kọ́ mọ́ ògiri.

Ẹnì kan ti bi mí pé àwọn tó ń jó iná ní Mai-Kai ńkọ́, ṣebí ọmọ erékùṣù ni wọ́n. Ó dáa, ijó yẹn ní orísun gidi, Mireille Thornton tó ń darí ẹ̀ látọdún gbọ́nhan, ọmọ Tahiti ni. Ijó nìyẹn. Ìyẹn ò sọ Zombie di ọtí Tahiti. Àwọn tó sì ń rò pé torí orúkọ tí wọ́n fún nǹkan jọ ti erékùṣù, nǹkan ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ wá, mi ò lásìkò fún wọn.

Àwọn olólùfẹ́ tiki gan-an ò sọ pé Hawaii làwọn ń tọ́jú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn torí mo fẹ́ràn wọn. Ẹ lọ sí Tiki Oasis ní San Diego, láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ máa bá mọ́tò àtijọ́ níbẹ̀, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ láàárín 1950 sí 1965, orin Martin Denny, ẹni tí wọ́n bí sí New York tó ń jẹ́ kí wọ́n fohùn ṣe bí ẹyẹ nínú orin, àti àwọn tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti wó. Sven Kirsten tó wá láti Jámánì ló lọ ń wá àwókù àwọn ilé yẹn kiri, ó ń ya fọ́tò, ó ń kó ìwé oúnjẹ wọn jọ nígbà tẹ́nikẹ́ni ò kà wọ́n sí. Jeff Berry ló lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tú àṣírí Zombie, torí Donn ò jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ mọ nǹkan tí wọ́n ń pò, nọ́ńbà ló máa kọ sára ìgò. Mai-Kai tí wọ́n kọ́ ní 1956, ìjọba Amẹ́ríkà fi sínú ìwé àwọn ibi mánigbàgbé ilẹ̀ wọn ní 2014, gẹ́gẹ́ bí ilé Amẹ́ríkà. Nígbà tí òrùlé ẹ̀ jò ní 2020 tí wọ́n tì í pa, inú mi bà jẹ́ gan-an, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣí ní 2024, inú mi dùn. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ohun tó jẹ́ ni.

Ẹ máa ní kí ló wá burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé lásìkò tí wọ́n ń gbádùn "Hawaii" yìí ní California, ọmọ Hawaii ò lè fi èdè ẹ̀ kàwé nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ ọbabìnrin wọn Liliʻuokalani ní 1893, òfin 1896 ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́mọ, àfi 1978 kí èdè wọn tó padà di èdè ìjọba. Àwa tí wọ́n nà nílé ìwé torí fanákúlà, ó yẹ kó tètè yé wa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àwọn ará Hawaii níbi tí wọ́n ti di nǹkan wọn mú lóòótọ́, ọdún Merrie Monarch ni kẹ́ ẹ wò, ní Hilo ní Hawaii, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, orúkọ ọba Kalākaua tó dá hula, ijó ìbílẹ̀ wọn, padà síta ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdíje hula ibẹ̀ ti wà láti 1971. Kò sí Zombie níbẹ̀.

Ohun kejì tó burú ni pé irọ́ yìí ń bo àwọn Filipino, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ Philippines, mọ́lẹ̀. Àwọn ló wà lẹ́yìn káńtà Donn, àwọn ló ń po gbogbo ẹ̀ tí olówó Hollywood ń pàtẹ́wọ́ fún Donn. Lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn Filipino tó ti dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí lèmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ yìnyín kó má di omi nínú ọtí. Ìwé kékeré tí Dick Santiago, tóun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ Donn, kọ èròjà sí ló ṣíná fún Jeff Berry. Ray Buhen tó bá Donn ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó ṣí tiẹ̀ ní Los Angeles ní 1961, Tiki-Ti lórúkọ ẹ̀, ilé tó kéré gan-an lórí Sunset Boulevard, ìdílé ẹ̀ ṣì ń po ọtí níbẹ̀.