A Kì í Bínú Orí Ká Fi Fìlà Dé Ìbàdí

A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ẹni tó pa òwe yìí létí mi kẹ́yìn ni onílé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Sábó, n'Íkòròdú, ọkùnrin tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, tó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gbá sára pátákó dúdú. Àwọn ọmọ Liverpool ló fi pa lẹ́nu mọ́. Òwe náà bọ́ sí àsìkò, kò sì sẹ́ni tó rí i dá padà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bó ṣe lò ó kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ Mohamed Salah, agbábọ́ọ̀lù Liverpool, ló dá ìjà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Liverpool àti Leeds ta ọ̀mì 3-3, Salah sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó ṣe jáde, ó dúró síwájú àwọn oníròyìn, ó ní ó jọ pé ẹnì kan fẹ́ kó gbogbo ẹ̀bi lé òun lórí, pé kò tún sí àjọṣe kankan láàárín òun àti kóòṣì Arne Slot mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ gbá Inter ní Milan, wọn ò mú un dání. Ẹni tó gbá góòlù 29 nínú líìgì sáà tó ṣáájú, tí wọ́n fi gba ife, tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn tuntun ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Àwọn tó ní kí wọ́n tà á ti ní òwe tiwọn lọ́wọ́: igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun orí bẹ́ǹṣì, jẹ́sì tuntun lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Ta ló ga ju kíláàbù lọ? Bí wọ́n bá gbà fún un lónìí, lọ́la Wirtz tí wọ́n jọ ń gbá náà á sọ tiẹ̀, lọ́tùúnla gólì á sọ tiẹ̀!" Àwọn tó ní kí wọ́n dá a sí fèsì pé ọmọ burúkú ní ọjọ́ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kúrò lórí Salah tó di "ta lò ń nàka sí?", ẹnì kan sì ti ń bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni onílé wọlé. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jókòó! A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ẹ fi Salah sílẹ̀ o jàre." Ọ̀dọ́mọkùnrin orí bẹ́ǹṣì sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ló wí, ariwo sì rọlẹ̀.

Ohun tí onílé fi òwe náà sọ ni pé kí wọ́n má tà á. Òwe ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Orí ló ṣẹni, a sì bọ́ fìlà. Bíbọ́ fìlà ò tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Yorùbá ń ṣí fìlà níwájú ọba, à ń ṣí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ooru bá sì mú lọ́sàn-án a óò ṣí i láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí a gbé fìlà náà lọ ni àléébù wà. Ẹni tó fi fìlà dé ìbàdí, orí rẹ̀ wà níhòòhò, ìbàdí rẹ̀ ò dára sí i, orí tó ń bá bínú kò sì mọ̀ pé wọ́n fìyà jẹ òun. Olúwa rẹ̀ nìkan ni ará ọjà ń fi rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní kí wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ẹni tó ní kí wọ́n má tà á sì lè jẹ́ òmùgọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ dáhùn ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi bo orí lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú méjèèjì òwe yìí lára ẹnì kan ṣoṣo, kó wo Luis Suárez, agbábọ́ọ̀lù Liverpool nígbà kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, níbi tí Liverpool ti ń gbá pẹ̀lú Chelsea, ó gé Branislav Ivanović ti Chelsea jẹ lápá. Eyín ló fi gé e, níṣojú gbogbo ayé. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé fún ìdíje 10. Bẹ́ẹ̀ ìparí ọdún 2011 ni wọ́n ti fi ìdíje 8 jẹ ẹ́ níyà nítorí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara tó sọ sí Patrice Evra ti Manchester United. Nígbà tí ọjà títà àti ríra agbábọ́ọ̀lù ṣí, òun fúnra rẹ̀ ló tún ní òun fẹ́ lọ. Arsenal gbé mílíọ̀nù 40 pọ́ùn wá, wọ́n sì fi pọ́ùn kan lé e. Pọ́ùn kan yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín dòní, àfi bí ìyá tó ń ná ẹja ní Ẹbúté tó ní òun fi náírà kan kún un. Liverpool ní àwọn ò tà. Brendan Rodgers tó jẹ́ kóòṣì ní kó máa dá ṣe ìdánrawò lọ́tọ̀, títí inú fi rọ̀. Ó padà sórí pápá ní oṣù Kẹsàn-án, góòlù 31 ló sì gbá nínú líìgì sáà náà. Pọ́íǹtì méjì péré ni ife fi bọ́ mọ́ Liverpool lọ́wọ́. Ká ní ariwo ilé ìwòran ni wọ́n tẹ̀ lé lọ́dún 2013, ara Arsenal ni gbogbo góòlù yẹn ìbá bọ́ sí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Ife Àgbáyé tí wọ́n gbá ní Brazil, ó tún gé Giorgio Chiellini ti Ítálì jẹ léjìká. Ó ti gé ẹnì kan jẹ nígbà tó wà ní Ajax náà, nítorí náà ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 2014 Liverpool tà á fún Barcelona, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 60 pọ́ùn. Èmi ò bá wọn wí lórí pé wọ́n tà á. Ẹni tí ó ń gé ènìyàn jẹ, tí owó rẹ̀ ti pé, kí ló kù? Ìbáwí mi wà lórí fìlà. Mario Balotelli ni wọ́n lọ rà ní mílíọ̀nù 16 pọ́ùn láti wá gbá góòlù, góòlù kan ṣoṣo ló sì gbá nínú líìgì títí sáà fi parí. Láti ipò kejì, Liverpool ṣubú sí ipò kẹfà. Lóòótọ́ ni Daniel Sturridge tó ń gbá góòlù fún wọn náà fara pa, kì í ṣe Balotelli nìkan ló ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba owó orí, wọ́n sì ti fi ra ohun ìbàdí.

Liverpool yìí kan náà ló fi hàn lẹ́yìn náà pé àwọn ti gbọ́ òwe. Philippe Coutinho, agbábọ́ọ̀lù wọn, kọ̀wé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 pé Barcelona lòun fẹ́ lọ. Inú bí àwọn èrò, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Àwọn aláṣẹ ò lé e, wọn ò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Oṣù Kíní ọdún 2018 ni wọ́n tó jẹ́ kó lọ, lówó tó lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́ùn, nígbà tí Virgil van Dijk tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ti wọlé. Alisson, gólì, tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà. Ní ọdún 2019 wọ́n gba Champions League, ní 2020 wọ́n gba líìgì tí wọ́n ti ń wá fún 30 ọdún. Kò sí ọmọ Liverpool tó ń sunkún Coutinho lónìí.

Àwọn ọmọ Arsenal ní ìtàn tiwọn, tó tún yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Agric, fọkanáísà ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, jẹ́sì Robin van Persie ló fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí epo taya ti sọ di dúdú. Nígbà tí Arsenal ta Van Persie fún Manchester United ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ó mú bíléèdì, ó họ orúkọ náà kúrò lẹ́yìn jẹ́sì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá tàn sí i, ẹ ṣì lè rí ojú ibi tí lẹ́tà yẹn wà, nọ́ńbà 10 ò sì kúrò rárá. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé títà tí wọ́n tà á ló dùn yín tó báyìí?" Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin mọ́ taya, kò wò mí. "Títà kọ́. Ọdún kan ló kù lórí ìwé rẹ̀, ó ní òun ò ní tọwọ́ bọ òmíràn. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Ẹni tí wọ́n tà á fún ni mi ò lè dárí jì." Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Arsenal ti ra Giroud àti Podolski kó tó lọ, wọn ò fi orí sílẹ̀ níhòòhò. Ṣùgbọ́n orí ọ̀tá ni wọ́n gbé fìlà tó dára jù lọ dé. Góòlù 26 ni Van Persie gbá nínú líìgì sáà náà, Manchester United sì gba ife. Owó tí wọ́n gbà, bíi mílíọ̀nù 24 pọ́ùn, ta ló ń rántí?

Tiwa-n-tiwa ni Victor Osimhen, ọmọ Olúsòsùn, Èkó yìí náà. Góòlù 26 ló fi jẹ́ kí Napoli gba líìgì Ítálì ní sáà 2022/23. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tó fi pẹnárítì ṣòfò, ojú òpó TikTok Napoli fúnra wọn fi fídíò ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba nọ́ńbà 9 lọ́wọ́ rẹ̀ fún Romelu Lukaku, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́, Galatasaray sì yá a. Ọ̀pọ̀ wa níbí ṣẹ́ Napoli lépè. Ẹ wá wo òpin rẹ̀: Galatasaray gba ife Tọ́kì, Osimhen gbá góòlù 26 níbẹ̀, wọ́n sì padà rà á ní mílíọ̀nù 75 yúrò. Ní sáà yẹn kan náà, Napoli gba líìgì Ítálì. Ẹ̀bi yẹ̀yẹ́ inú fídíò ò kúrò lọ́rùn Napoli o, ìwà àìlójútì ni. Ṣùgbọ́n lórí títà, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo fẹ́ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ará Sábó dà pọ̀ mọ́ra. Wọ́n ní Salah ti ń sọ̀rọ̀ àìdáa, wọ́n tún ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo. Ẹni tó pé ọdún 33, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kì í ṣe èébú. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ta ènìyàn: ẹ wá arọ́pò, ẹ wo iye tó kù lórí ìwé, ẹ wo ẹni tó lè sanwó. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáwí ló ni ín. Bí a bá sì fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a óò fi tòsì fà á mọ́ra. Gian Piero Gasperini, kóòṣì Atalanta nígbà náà, gbàgbé ọwọ́ òsì yẹn ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tó sọ ní gbangba pé Ademola Lookman wà lára àwọn tó burú jù lọ nídìí pẹnárítì tí òun tíì rí. Lookman tó gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Atalanta fi gba Europa League lọ́dún tó ṣáájú! Kò tó oṣù mẹ́fà tí ọmọ náà fi ní òun fẹ́ lọ. Slot ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi Salah sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ Inter, ó bá a sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdíje Leeds ó gbé e wọlé nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ̀lú Brighton, Salah sì gbá bọ́ọ̀lù kọ́nà tí Hugo Ekitike kàn sínú àwọ̀n. Ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. Ní tèmi, wọn ò gbọdọ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ tí inú ń bíni. Ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ pé inú ń bí yín, á sì dín owó.

Àwa tó ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà Sábó, kọ́bọ̀ kan ò kàn wá nínú owó títà náà, wọn ò sì pè wá sí ìpàdé. N kò ní kí á má jiyàn. Iyàn dùn, òun gan-an ni ìdajì owó tí a san. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí n ka iyàn rẹ̀ sí, kó dárúkọ ẹni tí yóò gba apá ọ̀tún lẹ́yìn Salah, kó sọ ibi tó wà báyìí, kó sì sọ bóyá àwọn tó ni ín máa tà á.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì rí ẹni dáhùn fún mi. A ní kíláàbù tiwa tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Ikorodu City, tó gòkè wá sí líìgì àgbà NPFL ní sáà 2024/25. Bí ọmọ kan bá ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà kó dúró. Àdúrà tí mo ń gbọ́ láti Òdogùnyàn dé Ìgbógbó ni pé kí òyìnbó tètè wá rà á, kí owó ńlá wọlé, kí wọ́n fi wá ọmọ mìíràn. Ẹnu kan náà ló ń pe Salah ní ọ̀dàlẹ̀ tó bá ní òun ń lọ, tó sì ń pe àwọn tó fẹ́ tà á ní aláìmoore. Kí ló dé tí orí wa ń pé nílé, tó jẹ́ pé England la ti ń sọ ọ́ nù?