Irin kọ́ ló ń mú bóòtù rọ́bà léfòó o

"Irin ẹ̀ dà?"

Ohun tí bọ̀dá kan kọ́kọ́ bi mí nìyẹn lálẹ́ Sátidé tó kọjá n'Òkè-Fìà, níbi tá a ti ń jẹ bọ̀ọ̀lì, nígbà tí mo fi bóòtù tí mo fi ń pẹja hàn wọ́n lórí fóònù. Bóòtù rọ́bà ni o, èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, túùbù gbọọrọ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, síìtì láàárín, wàá jókòó lórí ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ á wà nínú omi, wàá wọ bàtà kan tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ìyẹn lo máa fi máa tì í lọ, ọwọ́ méjèèjì á ráyè fún ìwọ̀. Mo ní kò ní irin. Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, ó ní bàlúùnù ọmọdé ni mo lọ rà, pé ọjọ́ tí ọ̀bọ̀kún kan bá fi ẹ̀gún ẹ̀ gún un báyìí, àwọ̀n ni wọ́n á fi máa wá mi.

Kì í ṣe bọ̀dá nìkan o. Ẹni tó bá ti fẹ́ ra irú bóòtù yìí, ohun tí wọ́n máa sọ fún un ni pé méjì ló wà, èyí tó ní férémù irin àti èyí tí ò ní, pé tí kò bá fẹ́ kú ikú omi kó yáa ra onírin. Èmi náà gbà á gbọ́, ọdún méjì gbáko ni mo fi ru onírin káàkiri, ìbàdí mi mọ̀ ọ́n.

Irọ́ ni jàre. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nǹkan tó bá wọnú omi, iye omi tó bá sún kúrò ni omi máa fi gbé e, lítà kan, kílò kan. Túùbù tó gùn tó mítà 2.4, tí inú ẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 40, tá a bá yọ ti imú ẹ̀ tó rí ṣóńṣó kúrò, ó máa gba bíi lítà 250. Méjì ẹ̀, 500. Ìyẹn ni pé ó máa tó bíi kílò 500 kí túùbù méjèèjì tó wọmi tán, àwọn tó ṣe é máa ń kọ iye tó kéré sí i sára ẹ̀ torí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ dé'bẹ̀. Férémù ńkọ́? Tó bá wúwo tó kílò 15, 485 ló kù fún yín. Irin ò fi nǹkan kan kún un, ńṣe ló ń yọ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin àti irin yẹn, afẹ́fẹ́ ló pọn yín méjèèjì.

Ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwa Yorùbá la ń sọ pé nǹkan tí ò nírin ò lè gbé èèyàn lórí omi. Kí bíríìjì tó dé, tí odò bá kún, igbá ńlá ni àwọn atukọ̀ wa fi ń gbé èèyàn sọdá, àwọn òyìnbó tó gba ilẹ̀ yìí kọjá ní nǹkan bí ọdún 1850 sí 1860 kọ ọ́ sílẹ̀, èrò á di igbá mú, ẹni tó mọ̀wẹ̀ á máa tì í lọ. Irin wo ló wà lára igbá?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún wá ńkọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀gún ẹja yẹn mú, tó bá gún yín lọ́wọ́ ẹ ò ní sùn lóru ọjọ́ náà. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe onírin: òkè ni irin wà, láàárín túùbù méjèèjì. Abẹ́ tó máa kan kùkùté, ẹ̀gbẹ́ tí ẹja ti máa jà, ìhòòhò ni wọ́n, bíi ti èyí tí ò nírin gẹ́lẹ́. Tí ẹ̀gún bá máa lu ọ̀kan á lu èkejì. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni bí awọ ẹ̀ ṣe nípọn tó. Èyí tó dáa, aṣọ polyester ni wọ́n hun tí wọ́n wá fi PVC bò ó lójú lẹ́yìn, irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù trélà náà nìyẹn, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ya tapólì trélà. Kẹ́ ẹ tún bi wọ́n pé yàrá afẹ́fẹ́ mélòó ló wà nínú ẹ̀, tó bá jẹ́ yàrá méjì, mẹ́ta, tí ọ̀kan bá lu, ìyókù á gbé yín dé etí omi. Àti pé kì í bú gbàà bí ẹ ṣe rò. Táyà mọ́tò, 30 sí 35 ni fọkanáísà ń géèjì ẹ̀, túùbù yìí 2 sí 3 péré ni ọ̀pọ̀ ń gbà, tó bá lu wẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde jẹ́jẹ́ ni. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ṣì ṣe pàtàkì o, onírin ni o, aláìnírin ni o.

Ẹ gbọ́, ohun tó ń pa bóòtù rọ́bà nílẹ̀ wa níbí, oòrùn ni, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Bí ti èmi ṣe bàjẹ́ nìyẹn, onírin mi yẹn náà kẹ̀! Mo fẹ́ ṣọgbọ́n, mo gbé e lọ bá fọkanáísà láàárọ̀ kùtù pé kó bá mi géèjì ẹ̀ kó le dáadáa, mo wá tẹ́ ẹ sórí koríko, mo lọ jẹun. Ìgbà tí mo máa fi padà, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ti ya. Ẹjọ́ mi ni. Ká ní 3 lẹ fẹ́ sínú ẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀ wà ní díígírì 25, tí oòrùn wá sè é dé 50, 3 yẹn á ti di 4 àbọ̀, torí afẹ́fẹ́ ayé tó yí wa ká náà wà níbẹ̀, bíi 15, géèjì ni kì í kà á, gbogbo ẹ̀ ló sì jọ ń wú. Lẹ́yìn náà tẹ́ ẹ bá wá gbé e sómi tútù á tún rọ̀ wọ̀ọ̀, ẹ̀yin á ní ó ti lu. Kò lu. Ẹ mú pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ dání, kẹ́ ẹ fi kún un lórí omi.

Férémù ní iṣẹ́ tiẹ̀ o, kí n má ṣàbòsí. Tẹ́ ẹ bá ń fi àjẹ̀ tukọ̀, irin ló máa jẹ́ kí agbára apá yín dé inú omi, aláìnírin máa ń ká, bẹ́líìtì àti rọ́bà ló so ó pọ̀, díẹ̀ nínú agbára yẹn á ṣòfò. Tó bá jẹ́ odò tó ń ṣàn ni, bí Ọ̀ṣun ṣe máa ń le nígbà òjò, tàbí ẹ fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì oníbátìrì sẹ́yìn ẹ̀, ẹ ra onírin, ẹ má wulẹ̀ bá ara yín jà. (Mi ò sọ ti inú Igbó Ọ̀ṣun o. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí UNESCO tó kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀ ní 2005.)

Ṣùgbọ́n èwo nínú wa ló ń tukọ̀ lójú odò tó ń ṣàn? Omi dáàmù ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ, irú Erinlẹ̀, omi tó dúró, ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn ti tó. Wàhálà tiwa ni bá a ṣe máa dé ibẹ̀. Onírin ẹlẹ́nìkan á máa lọ sí kílò 27 sí 38, ẹ fẹ́ mọ́tò, ẹ fẹ́ ìdajì wákàtí láti to irin pọ̀, píìnì kan á sì sọnù sínú koríko dandan. Aláìnírin mi ò ju 18 lọ, mo ká a sínú báàgì, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo gun ọ̀kadà, níbi tí ọ̀nà pin sí mo fẹsẹ̀ rìn wọgbó.

Bọ̀dá ní gbogbo ìṣirò yẹn dáa létí. Ó ní òun máa bá mi lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, àmọ́ orí ilẹ̀ lòun máa dúró sí, okùn lòun máa mú dání.