Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ọkọ rẹ̀ ṣe?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ dánfó láti Ìkòròdú. Orin Sàláwà Àbẹ̀ní, olórin wákà, ni dírẹ́bà fi sí i. Bí ohùn ìyá náà ṣe jáde báyìí, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ: ta ló fẹ́ ẹ, ta ló kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Obìnrin kan gbà á lẹ́nu rẹ̀, òun náà ní òun mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dé Mile 12, kò sẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan lórí orin tó ń lọ lọ́wọ́. Ó dùn mí débi pé n kò lè sọ̀rọ̀.

Ọdún 1976 ni Sàláwà ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, ó fi dárò Ọ̀gágun Murtala Mohammed tí wọ́n pa lóṣù Kejì ọdún náà. Kò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ. Ọmọdébìnrin ló ń lé orin bí àgbà! Wákà kì í sì í ṣe orin ọmọdé. Orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, òde ìnáwó ni wọ́n ti ń kọ ọ́ kí Bàtílì Àláké ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó gbé e dé orí àwo. Nígbà tó di 1992, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi Sàláwà jẹ ọbabìnrin wákà. Obìnrin tí Aláàfin dé ládé nítorí ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀ nìkan la rí sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré ìtàgé rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, èébú ni kí wọ́n pe ọmọ ẹni ní alárìnjó, àwọn òbí kò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin àwọn bá wọn lọ. Àwọn tó wá kì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ. Ibẹ̀ ni Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn òṣèré rẹ̀ ṣaya, kí iṣẹ́ má baà dàrú. Àwọn èèyàn máa ń fi ìyẹn pa ẹ̀fẹ̀. Èmi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Kí obìnrin tó lè dúró lórí ìtàgé kí ayé má bú u, àfi kó kọ́kọ́ di ìyàwó ọ̀gá! Àwọn obìnrin yẹn kọrin, wọ́n jó, wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú. Adéṣẹwà, tó wà lára àwọn àkọ́kọ́, ojú ọ̀nà eré ló kú sí ní 1970, nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Síbẹ̀, "àwọn ìyàwó Ògúndé" la máa ń pè wọ́n. Mélòó la lè dárúkọ nínú wọn?

Ẹ wá wo Táíwò àti Kẹ́hìndé Lìjàdù. Àwọn ìbejì yìí fúnra wọn ló ń kọ orin wọn, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1976 sí 1979, àwo mẹ́rin ni wọ́n gbé jáde. Wọn ò sí lábẹ́ ọkọ kankan nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ mọ ohun tí àwa wá ṣe? Ẹni tó bá dárúkọ wọn, kíá ni yóò fi kún un pé ìbátan Fẹlá ni wọ́n. A ò rí ọkọ so wọ́n mọ́, la bá wá ìbátan ọkùnrin. Wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, Kẹ́hìndé ṣubú ní àtẹ̀gùn ní 1996, ó fi eegun ẹ̀yìn ṣèṣe, orí ìtàgé sì di ohun àtijọ́ fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn òyìnbó tún àwo wọn tẹ̀, wọ́n ń jó sí i. Nígbà tí Kẹ́hìndé kú ní 2019, mélòó nínú wa ló gbọ́?

Káséẹ̀tì wákà ni màmá mi máa ń fi sí i bó bá ń lọ ẹ̀wà àkàrà láàárọ̀, ìlù ibẹ̀ ló máa ń jí wa. N kò gbọ́ kí ìyá mi bèèrè ọkọ ẹni tó ń kọrin rí. Ìgbà tó bá dé ibi tó wù ú, á dá ọwọ́ dúró, á ní, "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ olórin tàbí òṣèré obìnrin kan síbí, kí ẹ sọ orin tàbí ipa tó kó tí ẹ ò lè gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.