Ẹ Bá Wa Bọ́ Jákẹ́ẹ̀tì Yẹn Lọ́rùn Ọ̀gá Análáìsì

Mi ò tíì da ewédú lé àmàlà mi ní Mọ́kọ́lá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọ̀gá análáìsì, onítúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbò, fi wọlé. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ mọ jákẹ́ẹ̀tì tí mò ń wí, aláwọ̀ ọsàn, tó ní ìlà fàdákà láyà, tí iná mọ́tò bá tàn sí i á kọ mànà bí ojú ológbò, tí wọ́n kọ OBSERVER, ìyẹn olùwòye ìbò, gàdàgbà sí níwájú, wọ́n tún kọ ọ́ sẹ́yìn, kó má di pé ẹ rí ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ rò pé èèyàn lásán ló ń lọ. Káàdì ń mì dirodiro lọ́rùn ẹ̀. 2023 ló wà lára káàdì. A ò dìbò lọ́jọ́ náà, a ò dìbò lọ́sẹ̀ náà, ìbò kan ṣoṣo tó wáyé níbẹ̀ ni ìgbà tí ìyá olóúnjẹ bi mí pé ṣàkì ni àbí abọ́dí.

Ibi tó ti ń bọ̀ ló wá dùn jù. Rédíò ló ti ń bọ̀. Rédíò o! Ọkùnrin yìí jí láago márùn-ún, ó wẹ̀, ó para, ó wá gbé jákẹ́ẹ̀tì sọ́rùn kí etí wa lè rí i dáadáa.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́, ó wù mí. Lọ́yà ní wíìgì, pásítọ̀ ní kọ́là, kí ló wá dé tí análáìsì ò ní ní tiẹ̀? Mo ti rí jákẹ́ẹ̀tì yìí níbi ìsọmọlórúkọ l'Ágbowó. Mo rí i nínú báńkì kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ gba iwájú gbogbo wa kọjá, sìkióríti ń kí i ní sà. Mo rí i níbi òkú, ó jókòó sídìí tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì, bóyá ó ń ṣọ́ ọ kí òkú má baà dìbò ni, mi ò mọ̀.

Ọ̀gá bu òkèlè, gbẹ̀gìrì ro tó sórí B inú OBSERVER. Àyà mi já. Mo rò pé á wá tíṣù, rárá o, káàdì ọrùn yẹn náà ló gbá mú, ó fi etí ẹ̀ ha gbẹ̀gìrì kúrò lára aṣọ bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò, ó wò ó, ó lá a. Ó lá káàdì 2023! Àwòrán ojú ẹ̀ sì wà lára káàdì ọ̀hún o, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ojú ara ẹ̀ ló lá yẹn. Mo tún rò pé ó tán, ó yí i padà, ó lá ẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n jọ jókòó, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, òun náà ni wọ́n jọ ń bú ara wọn lórí afẹ́fẹ́ láàárọ̀ yẹn. Ẹ mọ ètò náà. Wọ́n á mú ẹnì kan tí á máa pariwo pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìbò sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo èèyàn lè dìbò, wọ́n á mú ẹnì kejì tí á máa pariwo pé àfi kí wọ́n tì í gbọn-in kí olè má baà wọlé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á wà láàárín á máa da epo sí i, tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ ní láárí báyìí á ní ẹ jẹ́ á gbọ́ ìpolówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n bá padà dé, ìjà tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á pààrọ̀ ìjókòó. Mo ti gbọ́ létí ara mi tí ọkùnrin yìí gbèjà apá méjèèjì, ohùn kan náà, ariwo kan náà.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi odindi wákàtí kan jà lé lórí lọ́jọ́ náà? Omi. Omi Amẹ́ríkà. Ní 2021 ni ìpínlẹ̀ Georgia lọ́hùn-ún ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pín omi tàbí oúnjẹ fún ẹni tó tò láti dìbò, tí ibẹ̀ ò bá ti jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 150 sí ilé ìdìbò. Àwọn tó ṣe é ní kí wọ́n má baà fi ẹ̀bùn fa ojú olùdìbò mọ́ra ni, àwọn tó ń bá a jà ní wọ́n fẹ́ kí ìdúró sú àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìlà àdúgbò tiwọn máa ń gùn ni. Ọ̀rọ̀ gidi ni fún àwọn tó ni ín. Àmọ́ ọ̀gá tó mọ ẹsẹ̀ bàtà 150 ti Georgia yìí ò tíì rin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá jáde ní sítúdíò kó lọ bi ọmọ tó ń ta piọ́wọ́tà lẹ́nu géètì bóyá ó rí káàdì ìdìbò tiẹ̀ gbà. Ta ló ń pín omi fún wa níbí? Èmi ra tèmi. Ẹni tó bá na nǹkan sí ẹ lórí ìlà níbí, dìbò-kóo-sebẹ̀ ni, òùngbẹ ẹ ò kàn án.

Ẹ sì gbọ́ o. Ní 2023, orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó gba káàdì lé ní mílíọ̀nù 87. Àwọn tó jáde wá dìbò ààrẹ lọ́jọ́ 25 oṣù kejì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 péré. Èèyàn bíi mílíọ̀nù 62 ló gba káàdì tí wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí tí wọ́n jókòó sílé. Ẹ ti gbọ́ rí kí ẹnì kan nínú àwọn ọlọ́jákẹ́ẹ̀tì yìí béèrè pé kí ló dá wọn jókòó? Ṣé ọ̀nà ni ò sí ni, àbí ẹ̀rù ló bà wọ́n, àbí gbogbo ẹ̀ ti sú wọn? Rárá, IReV ni tiwọn, ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ń gbé àwòrán èsì ìbò sí. IReV láàárọ̀, IReV lálẹ́. Òótọ́ ni pé àwòrán èsì ìbò ààrẹ ò hàn lórí ẹ̀ lásìkò bí wọ́n ṣe ṣèlérí, òótọ́ sì ni pé ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ lóṣù kẹwàá ọdún yẹn pé fún wíwò ló wà, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ro ìbò pọ̀. Ó dun èmi náà. Àmọ́ ẹ ti fa egungun yẹn títí mùdùnmúdùn fi tán nínú ẹ̀, ẹ ṣì ń fà á. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì láti òkè wá, kò ṣeé gbé mì mọ́: ọ̀lẹ ni yín! Ọ̀lẹ paraku! Ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìbò ni kì í fẹ́ kí oòrùn pa á!

Kẹ́ ẹ má baà ní ìlara ni, èmi náà pè wọ́n lóṣù tó kọjá. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo pè kó tó wọlé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ta la ń bá sọ̀rọ̀, mi ò tíì dárúkọ tán, ó ní, "Alájì, ẹ yí rédíò yín wálẹ̀." Mi ò kí ń ṣe Alájì. Mi ò sì tan rédíò. Rédíò fọkanáísà iwájú ilé wa ló ń dún. Mo wọ bàtà ẹsẹ̀ kan sáré jáde, mò ń bẹ̀ ẹ́ kó yí i wálẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí Alájì yẹn fẹ́ sọ. Mo ní èmi ni Alájì ọ̀hún. Kò gbà. "Alájì, ẹ yí rédíò yín wálẹ̀ o!" Ìlà já. Ohùn ọ̀gá jákẹ́ẹ̀tì yìí gan-an ni mo wá gbọ́ lẹ́nu rédíò fọkanáísà, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan, ìlanilọ́yẹ̀ ni àwọn ará ìlú nílò."

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìyá kan wà níwájú mi lórí ìlà ní 2023, ẹ̀gẹ́ ló ti ń bó látìgbà ọmọge, gbogbo ìka ẹ̀ ti dán borogidi bí orí igbá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ ò gba àtàǹpàkò, kò gba ìfábẹ̀lá. Wọ́n ní ó yá, kó gbé ojú wá. Ó ní ṣé ojú ni wọ́n fi ń tẹ̀ka ni. Ó tú gèlè, ó gbójú sókè, ẹ̀rọ ń wò ó, òun náà ń wo ẹ̀rọ, oòrùn ń pa wá, àwọn ẹ̀yìn ti ń bú wa, kó tó wá dá a mọ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ, ó ní, "Àní èmi kẹ̀." Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá kó lé olè, díẹ̀ ló kù kó lé olóhun. Ìlú tí wọ́n ń kì ní ibi olè gbé ń jàre olóhun, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn yé wa ju ti Georgia lọ. Wọ́n ní kí n yí rédíò mi wálẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, rédíò ti jẹ́ rédíò rí n'Ìbàdàn yìí. Lóṣù kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìbò Ìwọ̀-Oòrùn tí ìlú ń pariwo pé wọ́n jí gbé, tí Akíntọ́lá, olórí ìjọba ibẹ̀, fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, ẹnì kan gbé ìbọn wọ sítúdíò níbí, ó ní kí wọ́n yọ tépù ẹ̀ kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n mú Wole Soyinka, adájọ́ dá a sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn o, ẹ má kó bá mi, àwa tí bàbá wa sọ ìtàn wẹ́tìẹ̀, rògbòdìyàn tí wọ́n ti ń dáná sun èèyàn àti ilé, fún mọ ibi tó já sí. Mò ń sọ pé nígbà yẹn, ohun tí rédíò bá sọ nípa ìbò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Lónìí, tẹ́nì kan bá gbé ìbọn wọ sítúdíò yín, fújì ló fẹ́ kẹ́ ẹ fi sí i.

Ibi tí mo dé nìyẹn nínú ìbínú mi tí ariwo fi sọ. Ìyá olóúnjẹ ní ẹran mẹ́ta ni àwọn méjèèjì jẹ, ọ̀gá jákẹ́ẹ̀tì ní méjì ni, ẹnì kejì ẹ̀ ní òun ò jẹ ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n lọ bi observer. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí wọn kí wọ́n jà dénú nìyẹn. Ọmọ tó ń kó àwo ní mẹ́ta ni, òun fojú ara òun kà á. Ọ̀gá dìde, ó na káàdì 2023 sókè, ó ṣì ń dán fún gbẹ̀gìrì, ó ń ṣàlàyé ìlànà. Ìyá olóúnjẹ ò tiẹ̀ wo káàdì. Ó na ìgbakọ sí i, ó ní, "Alájì, ẹ yí ohùn yín wálẹ̀. Ẹ san ẹran mẹ́ta."