Ọmọdé Ò Mọ Ogun, Ó Ní Kógun Ó Wá

Ọmọdé ò mọ ogun, ó ní kógun ó wá. Ó ní bógun bá dé, òun á kó sí yàrá ìyá òun. Yàrá yẹn ni ọ̀pọ̀ fíìmù ogun wa ń kó òǹwòran sí. Ó jókòó, ó ń pàtẹ́wọ́, ọta ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí fíìmù bá parí, ó rò pé òun ti mọ ohun tó ń jẹ́ ogun.

Ẹ wo ìbọn ṣakabùlà. Kó tó dún lẹ́ẹ̀kan, oníbọn á nà án sókè, á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á ki àkísà lé e, á fi ọ̀pá gún un wọlé dáadáa. Á ju ọta sí i, á tún ki àkísà kí ọta má baà yọ́ jáde. Á wá bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú ìbọn, níbi tí akọ òkúta yóò ti ṣáná sí i. Ọwọ́ tó yá, ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, kò ní dún rárá. Tó bá sì dún, èéfín funfun á bo ojú gbogbo.

Nínú fíìmù ńkọ́? Akọni yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú òjò, kò ki nǹkan kan, ẹni tí ọta bà sì fò sẹ́yìn bí ẹni tí ẹṣin ta nípàá. Ọta kì í gbé èèyàn fò. Ibi téèyàn dúró sí náà ló ń wó sí. Olùdarí tó bá fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú yẹn sílẹ̀ láìgé e, kí ẹ̀tù máa dà sílẹ̀, kí aládàá máa sáré bọ̀, kò nílò ìlù kankan láti fi dẹ́rù bà wá.

Ogun Kírìjí (1877 sí 1893) yàtọ̀ díẹ̀, torí ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí ti dé ibẹ̀. Àmọ́ ọdún 16 kì í ṣe ìbọn nìkan. Wọ́n kọ́lé sí ibùdó ogun, wọ́n dáko. Ní Ìjàyè, láàárín 1860 sí 1862, ebi wà lára ohun tó fọ́ ìlú. Ta ló ń ya ìkòkò òfìfo?

Aàrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, oyè tí Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ, ní òfin tirẹ̀ láyé ìgbà náà: bí kò bá ṣẹ́gun láàárín oṣù 3, òkú rẹ̀ ni wọn á gbé wálé. Fíìmù ń fi oògùn ara Kakaǹfò hàn wá, kì í fi ọjọ́ tó ń kà hàn.

Agbẹ́gilére tó gbẹ́ jagunjagun sára òpó ààfin kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Orí ọkùnrin náà á tó ìdámẹ́rin gbogbo ara rẹ̀, ẹṣin abẹ́ rẹ̀ á kéré bí ewúrẹ́. Ipò ló ń gbẹ́, gbogbo wa la sì mọ̀. Kámẹ́rà ni ojú ń gbà gbọ́ bí àfojúbà, ìdí nìyí tí irọ́ rẹ̀ fi ń dunni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ eré, kẹ́ ẹ tó ran bàǹtẹ́ kan, ẹ lọ sí àwọn agboolé Ògbómọ̀ṣọ́ tí babańlá wọn sá wá láti ìlú tí ogun fọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá àgbà kì wọ́n lóríkì. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n rù sórí lọ́jọ́ náà, àti ẹni tí kò lè rìn.