Ta Ni “Ẹ Má Ṣe Fọwọ́ Kan Ẹni Òróró Mi” Ń Bá Wí?

Ní ilé iṣẹ́ onígbàgbọ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn òwúrọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ Bíbélì kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ló máa ń mú un jáde. Akọ̀wé owó ní kí wọ́n fún òun ní rìsíìtì dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní àwọn rà. Tíṣà béèrè ohun tó dé tí owó oṣù méjì kò tíì wọlé. Kíá, “Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni òróró mi.” Bí onítọ̀hún bá tún tẹnu mọ́ ọn, wọ́n á ní ẹ̀mí Ábúsálómù, ọmọ tó dìtẹ̀ mọ́ Dáfídì bàbá rẹ̀, ti wọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gan-an gbà bẹ́ẹ̀: bí ọ̀gá bá ti jẹ́ páásítọ̀ tàbí díákónì, ẹni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ ń fa ègún sórí ara rẹ̀ ni.

Irọ́ ni. Ẹ ṣí Orin Dáfídì 105, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 15. Ẹ padà sí ẹsẹ 12. Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn, nígbà tí wọn ò pọ̀ níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹsẹ 14 ní Ọlọ́run bá àwọn ọba wí nítorí wọn. Ọba ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. Àtìpó ni wọ́n ń gbèjà. Nínú ọ́fíìsì, ta ni ọba? Ẹni tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ni, ẹni tó lè ní kí èèyàn má wá síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́la. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ló jọ àtìpó. Bó bá ṣe tèmi ni, inú ọ́fíìsì ọ̀gá ni ǹ bá gbé ẹsẹ yẹn kọ́ sí, níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa rí i.

Ábúráhámù tí ẹsẹ náà ń gbèjà pàápàá jẹ́jọ́ rí. Ní Jẹ́nẹ́sísì 20, ó pe Sárà ní àbúrò rẹ̀, Ábímélékì ọba Gérárì sì mú un. Ọlọ́run kìlọ̀ fún ọba náà lójú àlá, ó sì sọ fún un pé wòlíì ni ọkọ obìnrin yìí. Ilẹ̀ mọ́, Ábímélékì pe wòlíì: kí lo ṣe sí wa yìí? Ábúráhámù kò ní kí ó pa ẹnu mọ́. Ó dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwáwí ló pọ̀ nínú ìdáhùn náà. Ìyàwó oníyàwó tí Ábímélékì mú ló kó bá ilé rẹ̀. Lẹ́yìn tó béèrè ọ̀rọ̀ tán ni Ábúráhámù gbàdúrà fún un, tí ara ilé rẹ̀ sì yá.

Kórà tó dìtẹ̀ sí Mósè, tí ilẹ̀ gbé mì ńkọ́? Ẹ ka Númérì 16 dáadáa: oyè àlùfáà ni Kórà ń wá, kò béèrè ìṣirò. Nínú ìjà yẹn gan-an, ẹsẹ 15, Mósè ní òun kò gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan lọ́wọ́ wọn. Ó lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ́kísódù 38 ka wúrà, fàdákà àti idẹ tí wọ́n fi kọ́ àgọ́ ìjọsìn, pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìwúwo ìgbà náà: wúrà, tálẹ́ńtì 29 àti ṣékélì 730, fàdákà, tálẹ́ńtì 100 àti ṣékélì 1,775, idẹ, tálẹ́ńtì 70 àti ṣékélì 2,400. Wọ́n tilẹ̀ sọ pé ìkọ́ àti ìbòrí orí òpó ni ṣékélì 1,775 yẹn bá lọ. A ò kà á pé ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn kan Mósè kí ó tó ṣe é. (Òótọ́ ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ítámárì, ló bójú tó kíkà náà. Ọ́dítọ̀ òde òní kò ní gbà.)

Sámúẹ́lì tún kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbààgbà ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò rìn ní ọ̀nà rẹ̀, ègún kankan kò sì jà wọ́n. Nígbà tó yá, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì àti Sọ́ọ̀lù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ta òróró sí lórí, ó ní: màlúù ta ni mo gbà? Ta ni mo rẹ́ jẹ? Ọwọ́ ta ni mo ti gba rìbá? Ó ní òun á dá a padà. Dáfídì tí kò jẹ́ na ọwọ́ sí Sọ́ọ̀lù nítorí pé ẹni òróró Olúwa ni, pípa ni kò pa á. Ó ké sí i lẹ́nu ihò, ó sì béèrè ìdí tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní òun ń wá ibi rẹ̀.

Ní ti owó oṣù, Léfítíkù 19:13 ní kí owó alágbàṣe má sùn mọ́ ọ lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà pàápàá kò jẹ́ kó ju oṣù kan lọ. Ẹni tó béèrè èyí kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Kí a béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ṣá, kí a kí ọ̀gá bó ṣe yẹ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta sì fọwọ́ sí i. Tímótì Kìíní 5:19 ní kí a má gba ẹ̀sùn sí alàgbà àfi lẹ́nu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó fi hàn pé ẹ̀sùn ṣeé gbà. Ẹsẹ 20 ló sì tẹ̀ lé e: àwọn tó bá ṣẹ̀, kí a bá wọn wí níwájú gbogbo èèyàn.