Ẹ kó wọn jọ sí pápá kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tàbí àbúrò tó ń ṣe ultimate frisbee ní yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe àṣekágbá D-I (ìpele àgbà) lọ́tọ̀, tí wọ́n á tún ṣe ti D-III (ìpele àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké) lọ́tọ̀? Kí wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí ìlú kan, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ife-ẹ̀yẹ kálukú ṣì lè dá dúró, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yọ́ ọ pọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: àwo ike tó wúwo tó gíráàmù 175 ni wọ́n ń jù, ẹni méje kọjú sí ẹni méje. Tí àwo bá ti wà lọ́wọ́ ẹ, o ò gbọdọ̀ sáré mọ́, àfi kó o jù ú sí ẹlòmíì. Tí ẹnì kan nínú yín bá hán an ní ìpẹ̀kun pápá lọ́hùn-ún, ẹ ti jẹ ayò nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 2010 ni wọ́n dá D-III sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò ju 7,500 lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. (Carleton College ní Minnesota, tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,000 lọ, gba ife D-I ti ọkùnrin ní 2001, 2009, 2011 àti 2017. Ẹ fi tiwọn sílẹ̀ o, àwọn yẹn yàtọ̀.)

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí wọ́n ń lò gan-an lè má jìnnà síra. Lọ́dún 2019, College Station ni D-III ti wáyé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe D-I nítòsí Austin. Texas kan náà! Mọ́tò ò ní rìn tó wákàtí mẹ́ta láàárín méjèèjì. Pápá lẹ́ẹ̀mejì, olùyọ̀ǹda-ara-ẹni lẹ́ẹ̀mejì, dúnàá-dúrà òtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀, eré yìí ò sí lábẹ́ NCAA, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ò rí sikọ́láṣípù kankan gbà nídìí ẹ̀. Àwọn ló ń dá owó bàálù fúnra wọn, tí wọ́n á lọ sùn mẹ́rin-mẹ́rin nínú yàrá kan.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti òǹwòran. D-III ni àbúrò ìyàwó mi ń ṣe. Ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: àwọn tó ń pariwo ni àwọn ọmọ tí wọn ò tíì wọlé, òbí díẹ̀ tó gbé kúlà wá, àti ikọ̀ tí wọ́n ti nà, tó ń tú okùn bàtà lórí koríko. Eré ọ̀hún sì dùn! Mo rí ọmọ kan tó fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ọwọ́ kan ló fi hán àwo. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ìta. Kò sí rẹfirí. Wọ́n bi ẹni tó dúró létí ìlà léèrè, ìyẹn ní inú ló wà. Inú ikọ̀ tó ń bá ọmọ náà díje ni ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti wá o! Ẹni tó ń ṣọ́ ọ fọwọ́ gbá a léjìká, eré ń lọ.

Èèyàn mélòó ló rí i?

Àwa tá a ṣe yunifásítì nílé mọ NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Láti 1966 tí Yunifásítì Ìbàdàn ti gba àlejò àkọ́kọ́, ojú kan ni oríṣiríṣi eré ti ń pàdé. Ẹni tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù, tó bá rí i pé àwọn tiwọn ń ṣe handball lọ́wọ́, á dúró pariwo. Kò mọ òfin handball, kò tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni mò ń wá fún D-III.

Wọ́n á ní pápá ò ní tó. Ikọ̀ tó ń dé àṣekágbá D-I jẹ́ 40, ọkùnrin 20, obìnrin 20. Ti D-III kéré sí i díẹ̀. Lọ́dún 2018, ìdíje àgbáyé àwọn kílọ́ọ̀bù kó ikọ̀ tó lé ní 100 wá sí Cincinnati, ilẹ̀ ò là. National Sports Center ní Blaine, Minnesota, ní pápá tó lé ní 50, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti òjò ni mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Tí mànàmáná bá kọ, gbogbo pápá ló máa dákẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ Memorial Day (ọjọ́ ìsinmi ní Amẹ́ríkà) tí D-I máa ń bọ́ sí, owó òtẹ́ẹ̀lì ń ga. Àmọ́ tí USA Ultimate, àjọ tó ń darí eré yìí, bá fi iye èrò yẹn jókòó dúnàá-dúrà, ó dá mi lójú pé òtẹ́ẹ̀lì á gbọ́.

Àbá tèmi rèé: kí D-III parí ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, lórí pápá àgbà, kí kòmẹsẹ̀-ó-yọ D-I kan tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ríbi jókòó sí fún ti D-I, á ti wá wo tiwa.